PhD nílé tàbí lókè òkun: ẹ wo ibi tí dátà yín wà kí ẹ tó yan

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe PhD nínú ìmọ̀ ìlera, ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè tàbí ìmọ̀ àwùjọ, tí ọkàn yín ń ṣe méjì láàárín Nàìjíríà, ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Jámánì, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ dáhùn kí ẹ tó wo orúkọ yunifásítì kankan: níbo ni dátà iṣẹ́ yín ti máa wá? Ṣé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni, àbí sẹ́ẹ̀lì inú fíríìsà, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn? Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹni tí PhD wọn pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, orí wọn pé dáadáa. Dátà ni kò tètè dé.

Dátà ojúlé àti dátà inú fíríìsà

Iṣẹ́ ìwádìí méjì kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn Yorùbá fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Àkọ́kọ́ ni HapMap, iṣẹ́ àgbáyé lórí jínómù (gbogbo ìlànà àbínibí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì) tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Ìdílé 30 ní Ìbàdàn ló yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ fún un: bàbá, ìyá àti ọmọ kan nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ èèyàn 90. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ náà wà ní ìpamọ́ ní Coriell Institute ní Camden, New Jersey, dátà jínómù wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ bí jíìnì kan ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí lè jókòó sí Leeds tàbí Boston, kó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ láì tẹ Ìbàdàn.

Ìkejì ni ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé tí Ìbàdàn àti Indianapolis jọ ṣe. Ní ti Ìbàdàn, àwọn olùwádìí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn lọ́dọ̀ àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì tún ń padà lọ bá wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 èèyàn, 1.15 ni Alzheimer ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 2.52 láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rí irú dátà bẹ́ẹ̀ láti orí àga ní òkè òkun. Ó gba ẹni tó mọ àdúgbò, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bi àgbàlagbà léèrè nípa ìgbàgbé láì tàbùkù rẹ̀, tí àwọn ará ilé sì máa ṣílẹ̀kùn fún lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti ìmọ̀ àwùjọ àti ìmọ̀ iye ènìyàn, ọ̀nà kẹta tún wà: dátà tí ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀. NDHS, ìwádìí orílẹ̀-èdè lórí iye ènìyàn àti ìlera, ti 2018 fi ọ̀rọ̀ wá obìnrin 41,821 àti ọkùnrin 13,311 lẹ́nu wò káàkiri Nàìjíríà, olùwádìí sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ tó sì ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àmọ́ ní 2025, Amẹ́ríkà dá owó USAID, àjọ ìrànwọ́ rẹ̀, tó ń gbé ètò náà ró dúró, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì há sí àárín. Dátà tí kò tíì sí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ má fi ṣe òpó kan ṣoṣo tí àbá ìwádìí yín dúró lé.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ ńlá kò sí nílé. ACEGID, ibùdó ìwádìí jínómù àwọn àrùn àkóràn ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ló ka jínómù kòrónà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kẹta 2020. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí Lassa tàbí ibà lè rí i pé Ẹdẹ ní ohun tí òun ń wá ju London lọ.

Nàìjíríà: dátà wà nítòsí, àkókò ló ń sá lọ

Lórí ìwé, PhD ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ lè parí láàárín ọdún 3. Ní ti gidi, ó sábà ń lọ sí 5 tàbí 6, ẹ sì lè rí ibi tí àkókò ń bọ́ sí bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 nìkan gba oṣù 8, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sẹ́mínà kí ẹ tó lọ sí pápá àti sẹ́mínà lẹ́yìn pápá máa ń dúró de ọjọ́ tí gbogbo ọ̀gá ẹ̀ka bá ráyè. Ìdádúró tó burú jù ni ti ìparí: ẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, olùdánwò láti ìta kò tíì kà á, kò sì sí ẹni tó lè sáré lé e. Kí ẹ tó gba ààyè, ẹ béèrè ní ẹ̀ka náà iye oṣù tó wà láàárín ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó kẹ́yìn fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣe ìdánwò ẹnu. Tí wọ́n bá ní oṣù 12, ẹ fi sínú ìṣírò yín.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ o. Aláìsàn UCH wà níwájú yín. Alábòójútó yín mọ ẹni tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kí ní àdúgbò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Owó ilé-ìwé kéré sí ti òkè òkun lọ́nà tó jìnnà. Tí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba, owó TETFund wà tí ẹ lè béèrè. CARTA náà wà, àjùmọ̀ṣe àwọn yunifásítì Áfíríkà lórí PhD ìlera tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, tí APHRC (ibùdó ìwádìí iye ènìyàn àti ìlera) ní Nairobi àti yunifásítì Wits ní Johannesburg ń darí, tí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tó wà nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbà. Ohun tó mú CARTA dáa ni sẹ́mínà ńlá mẹ́rin tó pín iṣẹ́ PhD sí ipele: dídá ìbéèrè ìwádìí mọ̀, ọ̀nà ìwádìí kí wọ́n tó lọ sí pápá, ìtúpalẹ̀ dátà àti kíkọ, lẹ́yìn náà ohun tó kàn lẹ́yìn oyè. Kódà tí ẹ kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ lè fi ipele mẹ́rin náà ṣe kàlẹ́ńdà tara yín.

Fún iṣẹ́ láàbù nílé, iná ni ọ̀tá. Fíríìsà -80 tó kú fún ọjọ́ kan lè ba RNA ọdún méjì jẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí dìgbà tí ìdánwò bá kùnà. Ẹ pín àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí túùbù méjì lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, kí ọ̀kan wà ní fíríìsà mìíràn ní ilé mìíràn. Túùbù kékeré púpọ̀ sàn ju ńlá kan lọ, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ́ ọ tí ẹ tún dì í ló ń bàjẹ́ sí i. Ẹ kọ ìwọ̀n òtútù sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń bu dísù sí jẹnẹrétọ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Ìlú Ọba: ó yá, ṣùgbọ́n kò ní dúró dè yín

Ọdún 3 sí 4 ni. Kíláàsì kò pọ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù 9 sí 18, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tàbí mẹ́ta máa yẹ iṣẹ́ yín wò láti pinnu bóyá ẹ máa tẹ̀ síwájú sí PhD tàbí ẹ máa dúró sí MPhil, oyè tó kéré sí i. Ìdánwò ẹnu ìkẹyìn, tí wọ́n ń pè ní viva, ń wáyé nínú yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tì, pẹ̀lú olùdánwò kan láti inú yunifásítì àti ọ̀kan láti ìta. Alábòójútó yín kò sí lára àwọn tó ń dá yín lẹ́jọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú èsì ni àtúnṣe kékeré, tí wọ́n sábà ń fún yín ní oṣù 3 láti ṣe. Àtúnṣe ńlá máa ń gba nǹkan bí oṣù 6.

Torí pé àkókò kúrú, ẹni tó ń yí ẹ̀ka padà máa ń fara gbá. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ di onímọ̀ iye ènìyàn, tí kò tíì kọ́ ìṣirò dátà rí, kò ní ráyè kọ́ ọ dáadáa níbẹ̀, àfi tó bá kọ́kọ́ ṣe máástà, tàbí tó bá wọ ètò ESRC (àjọ tó ń náwó sí ìwádìí ìmọ̀ àwùjọ) tó fi ọdún máástà kún un.

Owó: UKRI, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí, tí BBSRC (ti ẹ̀dá oníyè), MRC (ti ìṣègùn) àti ESRC wà lábẹ́ rẹ̀, ń san ó kéré tán 20,780 pọ́n-ùn fún owó oúnjẹ àti ilé ní 2025/26, wọn kì í sì í yọ owó orí nínú rẹ̀. Àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn lè gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ ju 30 nínú 100 àwọn tí wọ́n bá gbà lọ, iye owó ilé-ìwé tí UKRI sì ń san kò ju ti ọmọ onílùú lọ. Ìyàtọ̀ tó kù lè lé ní 15,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Torí náà, ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà béèrè kí ẹ tó yọ̀ ni: "Ṣé yunifásítì máa san ìyàtọ̀ owó ilé-ìwé fún gbogbo ọdún?" Ọmọ Yorùbá tó ní ìwé ìrìnnà Bríténì tó sì ti ń gbé níbẹ̀ fún ọdún 3 kò ní ìṣòro yìí.

Ẹ tún ka owó ìlera físà mọ́ ọn: 776 pọ́n-ùn lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ máa san ti gbogbo ọdún, èyí tó jẹ́ 3,104 fún ọdún 4. Bí ẹ bá ń mú ìdílé dání, tí òfin ṣì fàyè gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ PhD, olúkúlùkù ni wọ́n máa san tirẹ̀ fún. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ ṣe ìwádìí lórí kòkòrò àrùn, jẹnẹ́tíìkì, bayokẹ́mísìrì tàbí ìmọ̀ oògùn gbọ́dọ̀ gba ìwé ATAS, ìyọ̀ǹda ààbò láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú Ọba, kí ó tó béèrè físà. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, gbólóhùn tó ṣàpèjúwe iṣẹ́ yín sì gbọ́dọ̀ bá ti yunifásítì mu. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ìwọlé oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n fi ń di oṣù kìíní.

Amẹ́ríkà: ọdún púpọ̀, ìpìlẹ̀ tó nípọn

Ọdún 5 sí 6, nígbà mìíràn 7 nínú ìmọ̀ àwùjọ. Ọdún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti kíláàsì, ìdánwò ńlá kan sì tẹ̀ lé e tó máa sọ bóyá ẹ lè máa bá a lọ. Nínú ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè, wọn kì í mú alábòójútó ní ọjọ́ kìíní: ẹ máa lo bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 ní láàbù kan, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ sí òmíràn, sábà láàbù mẹ́ta, kí ẹ tó yan. Ìdí nìyí tí a fi ka Amẹ́ríkà sí ọ̀nà tó dáa jù fún ẹni tí kò tíì dá ìbéèrè ìwádìí rẹ̀ mọ̀. Ẹ lè wọlé láì ní máástà. Owó oṣù àti owó ilé-ìwé sì sábà ń wá pa pọ̀ nínú lẹ́tà kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó orí lórí owó oṣù náà.

Ẹ má tijú láti béèrè ibi tí owó yẹn ti ń wá. T32, owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ ti NIH (àjọ ìwádìí ìlera ìjọba), àti ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ GRFP ti NSF (àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba), ọmọ onílùú àti onígíríìn-káàdì nìkan ló wà fún. Tí ẹ bá gba lẹ́tà, ẹ kì í ṣe ẹrú ìkánjú ẹnikẹ́ni: àwọn yunifásítì tó fọwọ́ sí àdéhùn ọjọ́ 15 oṣù kẹrin kò gbọ́dọ̀ fipá mú yín dáhùn ṣáájú ọjọ́ náà lórí ìfilọ̀ tó ní owó nínú.

Físà ni ìṣòro báyìí, ó sì kan ibi tí dátà wà tààrà. Láti oṣù keje 2025, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù 3 ni físà akẹ́kọ̀ọ́ tí Amẹ́ríkà ń fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá jáde lọ gba dátà ní Òṣogbo gbọ́dọ̀ tún béèrè físà tuntun kó tó padà sí kíláàsì. Òfin tó tún jáde ní oṣù kejìlá 2025 le ju èyí lọ, ó sì dá físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ wo ojú ìwé ẹ́ńbásì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ san owó ìforúkọsílẹ̀. Tí iṣẹ́ yín bá nílò kí ẹ máa lọ kí ẹ máa bọ̀, àwa kò ní gbà yín nímọ̀ràn Amẹ́ríkà lásìkò yìí, àfi tí ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà bá wà lọ́wọ́ yín.

Jámánì, ní ṣókí

Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni ẹ, àdéhùn iṣẹ́ yín sì wà ní ipele owó oṣù E13 ti òṣìṣẹ́ ìjọba, sábà láàárín 50 sí 67 nínú 100 owó oṣù kíkún nínú ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé-ìwé, owó sẹ́mẹ́sítà díẹ̀ ni. Máástà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan. Ohun tó yàtọ̀ sí ìlú Ọba ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà yín síṣẹ́ sábà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó máa fún iṣẹ́ yín ní máàkì. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ọ̀gá àti onídàájọ́ ti di ẹyọ ẹni kan. Ètò tó ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sàn ju àdéhùn ẹni sí ẹni.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ ṣọ́ra fún Dr. med., oyè dókítà ìṣègùn ti Jámánì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló sábà ń ṣe é nígbà tí wọ́n ṣì wà ní yunifásítì. Oyè tó níyì ni lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú, àmọ́ European Research Council kò kà á sí ohun tó bá PhD dọ́gba fúnra rẹ̀. Bákan náà nílé, fẹlóṣíìpù fi hàn pé ẹ mọ iṣẹ́ ìtọ́jú dé góńgó; PhD fi hàn pé ẹ lè dá ìwádìí ṣe. DrPH, oyè dókítà nínú ìlera ìlú, sì wà fún ẹni tó fẹ́ darí ètò ìlera ìlú ju kó máa kọ́ni lọ.

Fífi ẹsẹ̀ kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún

Fún ẹni tí dátà rẹ̀ wà nílé tí ẹ̀rọ tàbí olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ wà lókè òkun, ọ̀nà tí a fẹ́ràn jù ni kó forúkọ sílẹ̀ nílé, kó lọ lo oṣù 6 sí 12 níta. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Split-site ti Commonwealth ni wọ́n ṣètò fún irú èyí: oṣù 12 ní ìlú Ọba, oyè láti yunifásítì ilé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n tètè lọ jù. Ẹ lọ lẹ́yìn tí dátà ti pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa lo oṣù 12 tó ṣọ̀wọ́n láti máa ka ìwé tí ẹ lè kà ní Ṣáńgo.

Tí ẹ bá ń gbé ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ kúrò ní Nàìjíríà, yunifásítì méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn gbígbé ohun èlò ìwádìí, èyí tí wọ́n ń pè ní MTA, NHREC, ìgbìmọ̀ ẹ̀tíìkì ìwádìí ìlera ti orílẹ̀-èdè, sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ ẹ̀tíìkì nílé àti ti òkè òkun, ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún méjèèjì lásìkò kan náà. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà ní Yorùbá: ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí tún un dá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi méjèèjì wéra. Ẹ fi oṣù 3 sílẹ̀ fún gbogbo èyí.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Iye tó wà nínú ọ̀pọ̀ àbá ìwádìí ni 384, èyí tí fọ́múlà ń mú jáde fún ìdánilójú 95% àti àṣìṣe 5%. Ó tọ́ tí ẹ bá ń mú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú orúkọ gbogbo ìlú. Tí ẹ bá ń mú wọn láti àdúgbò sí àdúgbò, àwọn ará àdúgbò kan náà jọra, ẹ sì lè ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 768. Bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá bá kọ̀, ẹ pín in sí 0.9, ó di 854. Olùbéèrè kan lè ṣe bí 6 lóòjọ́ tí ìbéèrè bá gba ogójì ìṣẹ́jú. Pẹ̀lú olùbéèrè 4, ọjọ́ iṣẹ́ 36 nìyẹn, láì tíì ka ọjọ́ òjò. Olùdánwò tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè ìlọ́po méjì yẹn, a sì ti rí àbá tó dáa tó wó síbẹ̀.

Fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wákàtí kan tí ẹ gbà sílẹ̀ ń gba wákàtí 4 sí 6 láti tẹ̀ jáde. Tí ẹ bá tún máa túmọ̀ rẹ̀, ẹ ka 10. Ọgbọ̀n ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oníwákàtí kan di wákàtí 300, èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 10 fún ẹni tó ń ṣe wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Ètò ọdún 3 tí kò ní ọ̀sẹ̀ 10 yìí nínú ti pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kan tàbí àpilẹ̀kọ mélòó kan? Nínú ìmọ̀ ìlera àti ẹ̀dá oníyè, àpilẹ̀kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ so pọ̀ pẹ̀lú ìfáàrà ló ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Àmọ́ jọ́nà lè lo oṣù 8 kó tó dáhùn, torí náà ẹ béèrè bóyá òfin yunifásítì gbà èyí tí ẹ ti fi ránṣẹ́ àbí èyí tó ti jáde nìkan. Nínú ìmọ̀ àwùjọ, ìwé kan ṣì lágbára.

Lẹ́tà sí alábòójútó kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 200 lọ: ìbéèrè ìwádìí yín ní gbólóhùn kan, dátà tí ẹ ní tàbí tí ẹ lè rí gbà, iṣẹ́ rẹ̀ kan pàtó tí ẹ kà àti ohun tó kù níbẹ̀, lẹ́yìn náà owó tí ẹ ń béèrè fún. Tó bá dáhùn, ẹ ní kó so yín pọ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì, kí ẹ bi wọ́n léèrè iye ọjọ́ tó fi ń dá orí ìwé padà, ta ni orúkọ rẹ̀ ń ṣíwájú nínú àpilẹ̀kọ, àti iye ọdún tí àwọn mẹ́ta tó parí kẹ́yìn lò.

Ní ti kàlẹ́ńdà, ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń ti ìlẹ̀kùn ní nǹkan bí ọjọ́ kìíní sí 15 oṣù kejìlá, àwọn ètò UKRI sábà ń tì láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, Jámánì ń gbani láàárín ọdún bí iṣẹ́ bá ṣe ṣí sílẹ̀. Kí lẹ́tà àkọ́kọ́ sí alábòójútó ti jáde ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ, nígbà tí àyè ṣì wà láti tún àbá yín kọ lẹ́ẹ̀mejì.